Mo Gbàdúrà sí Ìwé Tí Wọ́n Fi Gba Táǹkì Yíǹkì Mi Lọ́wọ́ Mi

Èmi fúnra mi ni mo gbàdúrà sí ìwé tí wọ́n fi gba iṣẹ́ ọwọ́ mi lọ́wọ́ mi. Kò sẹ́ni tó fi ìbọn halẹ̀ mọ́ mi. Mo gbọ́wọ́ lé e, mo dijú, mo gbàdúrà títí òógùn fi bò mí, Ọlọ́run sì gbọ́... Ẹ̀yin òǹkàwé ojú ìwé yìí, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó bú mi, torí inú ń bí mi gan-an ni, ẹ̀rù sì ń bà mí, kí kọ́ọ̀tù tó wọlé padà láti ìsinmi wọn ni mo sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí mo máa ṣe.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa rọ yíǹkì sínú kátíríìjì pírínta. Malu Road ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, Ajégúnlẹ̀ ni mò ń gbé. Àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní wáàfù Àpápá, àwọn tí ọ́fíìsì wọn wà ní Creek Road pàápàá, ni oníbàárà mi. Nígbà tí pírínta tó ń fi yíǹkì olómi tẹ̀wé wọ̀lú, kátíríìjì tuntun wọ́n bí ojú, kì í sì í pẹ́ gbẹ, àwa la wá ń fi abẹ́rẹ́ rọ yíǹkì sí èyí tó ti gbẹ kí wọ́n má bàa ra òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ rọ ọ́ láàárọ̀, ó ti gbẹ kí oòrùn tó wọ̀, ẹ tún máa sáré láàárín tírélà lọ bá wọn... Ìyẹn ló mú mi ronú. Mo ní, aláìsàn tó wà ní ọsibítù, ṣé nọ́ọ̀sì ń dúró tì í kó máa bu omi sí i lẹ́nu ni? Ṣebí rọ́bà dírípù ni wọ́n ń fi sí i lápá, omi á máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Mo ra rọ́bà dírípù, mo lu ihò sórí kátíríìjì, mo so ó mọ́ igò yíǹkì. Èyí àkọ́kọ́, mo gbé igò kọ́ sókè bíi ti ọsibítù, ni yíǹkì bá ya sórí tábìlì, ó ya sára ṣòkòtò funfun ọ̀gá oníbàárà, ọkùnrin náà bú mi débi pé mo kọ́ èébú tuntun. Nígbà tó yá ni mo rí i pé ìsàlẹ̀ ni igò gbọ́dọ̀ wà, kó rẹlẹ̀ díẹ̀ ju orí pírínta lọ, kí pírínta fúnra rẹ̀ máa fà á. Ó ṣiṣẹ́. Tí yíǹkì bá lọọlẹ̀ nínú igò, wọ́n á rọ òmíràn sí i bí ẹni rọ kẹrosíìnì sí àtùpà, iṣẹ́ ń lọ. Táǹkì ni wọ́n sọ ọ́, gbogbo Creek Road bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí, mo sì kọ́ gbogbo àwọn tá a jọ ń ṣe iṣẹ́ náà ní Malu Road, nítorí èmi nìkan ò lè dé gbogbo ibi tí wọ́n ti ń pè.

Ẹni tí mò ń bínú sí, ọkọ àbúrò mi ni. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Délé, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Bàbá wa ti kú kí Fúnmi, àbúrò mi kan ṣoṣo, tó lọ́kọ, èmi ni mo dúró bíi bàbá, èmi ni mo fà á lé Délé lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí Délé bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ṣe ló máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kì í ṣe ti àwọn tó ń fi ìka kan ilẹ̀ bí ẹni ń wá owó tó jábọ́ o. Àyà á kanlẹ̀. Orí mi á wú, mo á máa wo àwọn aládùúgbò lọ́tùn-ún lósì pé ṣé ẹ rí àna mi ṣá. Mo á ní kó dìde, kò ní tètè dìde, mo á tún ní kó dìde, á tún pẹ́ díẹ̀ sí i. Mo ní ọmọ yìí mọ̀wà, wọ́n kọ́ ọ nílé. Èmi òmùgọ̀... abẹ́ tábìlì kọ́ ni igò àti rọ́bà yẹn máa ń wà ni? Ìdọ̀bálẹ̀ ló fi wo gbogbo rẹ̀ tán, mo sì ń súre fún un lórí ìnàró.

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ tó ti ń ṣe akọ̀wé ní Àpápá dá a dúró. Ní Sọ́ńdè kan lẹ́yìn ìsìn, òun àti Fúnmi wá sílé mi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé àpò ìwé kan síwájú mi, wọ́n ti lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Ó ní ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni bàbá wa, ọ́fíìsì ìjọba ni mò ń mú ìwé yìí lọ, wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ bá mi gbàdúrà sí i kí wọ́n má dá a padà. Ṣé mo béèrè pé ìwé kí ni? Mi ò béèrè. Mo rò pé iṣẹ́ ló ń wá. Ta ló tiẹ̀ ń béèrè? Ẹ̀yin tó ń ka èyí, tí wọ́n bá gbé ìwé físà wá síwájú yín, tàbí ìwé ilẹ̀, tàbí ìwé ìdánwò ọmọ, ṣé ẹ máa ń já a wò kí ẹ tó ṣe àmín? Mo gbọ́wọ́ lé e. Mo ní Olúwa, ẹni tó bá máa yẹ ìwé yìí wò, kó má rí àléébù kankan nínú rẹ̀. Mo ní bó bá tiẹ̀ gbé awò sójú, ire nìkan ni kó rí. Mo ní kí òǹtẹ̀ ìjọba ti balẹ̀ sórí rẹ̀ kí ọ̀tá tó jí lójú oorun. Àṣé èmi gan-an ni ọ̀tá tó ń sùn. Fúnmi ṣe àmín débi pé ọmọ tó pọ̀n ta jí.

Ìwé náà jáde. Pátẹ́ǹtì ni wọ́n ń pè é, ìwé tí ìjọba fi ń sọ pé ìwọ lo kọ́kọ́ ronú kan nǹkan, pé ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ ṣe é láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ. Táǹkì mi ni wọ́n yà síbẹ̀, igò nísàlẹ̀, rọ́bà dírípù, ihò orí kátíríìjì, kò ku ẹyọ kan. Orúkọ Délé ló wà lókè. Délé tí kò lè ki yíǹkì bọ bírò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bí mi nínú jù. Ẹgbẹ́ àwa tó ń rọ yíǹkì ní Malu Road gba lọ́yà, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, ó sì là á yé wa pé lórílẹ̀-èdè tiwa, àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó fúnni ní pátẹ́ǹtì, ìwé nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ṣé fọ́ọ̀mù pé, ṣé àwòrán wà níbẹ̀, ṣé ó kọ àlàyé bó ṣe yẹ, ó parí. Wọn kì í wò ó bóyá nǹkan náà jẹ́ tuntun lóòótọ́, wọn kì í wá sí Malu Road wá béèrè bóyá ẹnì kan ti ń lò ó. Ó ní òfin fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, òfin ní ẹni tó gba ìwé ló ni ewu rẹ̀, ìjọba ò ṣe onígbọ̀wọ́. Mo ní lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Ó tún un sọ. Ṣé ìyẹn náà ni wọ́n ń pè ní àyẹ̀wò? Ṣé tíṣà á gba ìwé ìdánwò lọ́wọ́ ọmọ, á wò ó bóyá ó kọ orúkọ, bóyá ó fi rúlà fa ìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, á wá ní o yege, láìka ìdáhùn kankan? Èmi tí ìṣirò lé jáde ní ilé ìwé Mọ́dà, ká ní irú tíṣà bẹ́ẹ̀ ló kọ́ mi, ṣé dókítà kọ́ ni ẹ̀ bá máa pè mí lónìí? Lọ́yà rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má dá àwọn tó yẹ ìwé wò lẹ́bi, kọ́ọ̀tù ni òfin fi ìyókù sílẹ̀ fún. Ó ní ẹni tó bá lè búra pé òun ti ń lo nǹkan náà ní gbangba kí Délé tó kọ̀wé, kó wá, kọ́ọ̀tù á fagi lé ìwé náà. Ó ní ẹ̀rí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é ló máa wúwo jù. Gbogbo yàrá bá yíjú sí mi.

Délé kò kúkú jókòó. Ó ti ń wọ ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ní Creek Road pẹ̀lú géńdé méjì lẹ́yìn rẹ̀ àti ẹ̀dà ìwé náà lọ́wọ́, ó ń sọ fún wọn pé ẹni tó bá gba ará Malu Road láyè láti so táǹkì mọ́ pírínta rẹ̀, òun máa bá a délé ẹjọ́. Ẹ mọ àwọn ará Àpápá, wọ́n bẹ̀rù òǹtẹ̀ ju ọjọ́ ìdájọ́ lọ, torí láìsí òǹtẹ̀ ẹrù wọn ò ní jáde ní wáàfù. Wọ́n ń tú táǹkì wa dànù. Wọ́n ní ká má wá mọ́. Mo wà ní ọ̀kan nínú àwọn ọ́fíìsì náà nígbà tí mo gbọ́ ohùn Délé lẹ́nu ọ̀nà... kí wá ni akọni ọkùnrin ṣe? Mo sá wọ ilé ìtọ̀. Èmi ẹ̀gbọ́n ìyàwó, tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún, mo di ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀ mú, mò ń gbọ́ bó ṣe ń fa rọ́bà tí mo fọwọ́ mi so já. Nígbà tí mo rò pé ó ti lọ, mo jáde, ó ṣì wà níbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. Yíǹkì mi wà ní gbogbo ìka rẹ̀, ó ń dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bá jà. Ẹ máa ṣe tiyín lọ, mo yọ̀ǹda fún yín. Ẹbí kan náà ni wá." Ó yọ̀ǹda fún mi. Ó yọ̀ǹda ọgbọ́n orí tèmi fún èmi. Kí ni mo sì fi dá a lóhùn? Mo ní o ṣeun. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, mo ní o ṣeun.

Ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda yẹn ti ṣáájú mi dé Malu Road. Alága ẹgbẹ́ wa, Alhaji kan tó dàgbà jù mí lọ, wò mí tìtì, ó ní, "Wọ́n ní àna rẹ ò fọwọ́ kan tìrẹ. Ṣé ẹ jọ pín in ni?" Ẹnì kan ti ẹ̀yìn fi Pidgin kún un, "Uncle don sell us finish." Àwọn tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́ o. Mo búra fún wọn pé mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, mo ní mo máa lọ kọ́ọ̀tù, mo máa sọ ọ́ níwájú adájọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ra mínírà fún mi. Àmọ́ mi ò sọ fún wọn pé mo gbàdúrà sí i. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ta ló máa gbà gbọ́ pé mi ò mọ ohun tí mò ń gbàdúrà sí?

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Fúnmi wá, òun nìkan. Mo rò pé ẹ̀bẹ̀ ló fẹ́ bẹ̀, mo ti fajú ro sílẹ̀ dè é. Kò bẹ̀ mí. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo wá sọ ohun tí mo máa sọ ní kọ́ọ̀tù fún yín, kó má bàa jẹ́ pé ibẹ̀ lẹ ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ." Ó ní lọ́yà Délé ti fi òun ṣe ẹlẹ́rìí. Ó ní tí mo bá lọ búra, òun náà á búra pé wọ́n fi àwòrán yẹn hàn mí kí wọ́n tó lẹ ẹnu àpò ìwé, pé mo gbà, ìdí tí mo fi gbàdúrà nìyẹn. Mo ní Fúnmi, ṣé wọ́n fi hàn mí? Ó ní, "Rárá. Wọn ò fi han èmi náà. Ìgbà tó jáde ni mo tó mọ̀." Ojú mi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Mo ní ṣé wàá wá di Bíbélì mú, kó o purọ́ mọ́ mi? Ó ní, "Ọkọ mi ni. Abẹ́ òrùlé rẹ̀ làwọn ọmọ mi wà. Lọ́jọ́ tí ẹ fà mí lé e lọ́wọ́, ẹ ní ohunkóhun tó bá gbà ni kí n fún un. Ohun tó gbà nìyí." Ó ní àmọ́ tí mi ò bá búra, òun náà ò ní rí irọ́ kankan pa. Inú bí mi, mo dìde, mo tún jókòó, mo fẹ́ pariwo, ohun tó wá jáde lẹ́nu mi ni pé máa lọ sílé, mi ò ní lọ. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó ń sunkún bó ṣe ń wọ bàtà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Tí mo bá búra, òótọ́ ni mo sọ, àmọ́ àbúrò mi á purọ́ níwájú Ọlọ́run, nítorí mi, àwa méjèèjì ò sì ní lè jókòó sídìí abọ́ kan náà mọ́. Tí mi ò bá búra, Délé á gba oúnjẹ lẹ́nu gbogbo Malu Road, àwọn tó kù á sì máa rí mi tí mò ń ṣiṣẹ́ lọ nítorí pé olè yọ̀ǹda fún mi, wọ́n á ní àwọn ti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé kí n sọ ọ̀rọ̀ àdúrà yẹn fún Alága? Ṣé kí n lọ bá Délé fúnra rẹ̀? Mo ti múra àtilọ, mo dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo tún padà, ẹsẹ̀ mi ló ní ká padà. Ẹ̀yin àgbà tó ń ka ojú ìwé yìí, ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. Mo ti ní mò ń lọ fún Alága, mo ti ní mi ò lọ fún Fúnmi. Èwo nínú wọn ni kí n lọ bá, kí n sọ fún un pé irọ́ ni mo pa?