Ọwọ́ Mọ́mì Kò Gba Ìpara Olómi

Corinne àbúrò mi,

Mo kí ọkọ rẹ, mo kí ọmọ inú rẹ. Orúnkún Gordon ọkọ mi ti ń san, àmọ́ òtútù Winnipeg kò dẹwọ́, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná sì ń yan wá gbẹ bí ẹja.

Jọ̀ọ́, ìpara olómi tó ò ń fi ránṣẹ́ sí Mọ́mì yìí ti sú mi! Ooru Florida yín ló wà fún. Ọwọ́ wọn ti sán, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Mo ra èyí tó ki fún wọn, wọn ò ṣí i, wọ́n ní:

"Ti Corinne ò tíì tán. Ṣé kí n dà á nù ni?"

Ìgò mẹ́fà ló kù! Pè wọ́n lónìí, ìwọ ni wọ́n máa gbọ́ tìẹ.

A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Tí aṣọ ìbora tí Mọ́mì ń rán fún ọmọ náà bá dé, tó o rí ẹ̀jẹ̀ létí ẹ̀, má bi mí bó ṣe débẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Marlys