Hàǹtú Kì í Ṣe Omi

Àlàmísì, ìrọ̀lẹ́

Sàká ti sùn. Mò ń gbọ́ èémí rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí.

Dókítà ní iyọ̀ ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. Ọkọ mi tó máa ń bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ kó tó tọ́ ọ wò! Oògùn wárápá tó ń lò ló fà á, ó ń jẹ́ kí omi pọ̀ jù lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí orí fi ń fọ́ ọ, tó fi máa ń wá orúkọ mi tì.

Mo ní ṣé kó má lo oògùn náà mọ́ ni. Ó ní rárá o, wárápá á padà. Bí iyọ̀ bá sì tún lọ sílẹ̀ sí i, wárápá náà ni. Ibo la fẹ́ gbà?

Wọ́n á fi oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Títí dìgbà náà, kó dín omi mímu kù.

A délé, ìyá rẹ̀ ti dé láti Òkè-Òyì, kẹ́ẹ̀gì hàǹtú lẹ́sẹ̀ wọn, omi tí Àfáà fi fọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun kúrò lára wàláà. Bí àìsàn Sàká ṣe ń le sí i ni wọ́n ń fi kún èyí tó ń mu.

"Ìyá, dókítà ní ká dín omi kù."

Wọn ò tiẹ̀ bínú. "Hàǹtú kì í ṣe omi, Àríkẹ́."

Ta ni mo jẹ́ tí n ó fi...

Wọ́n bu ife kan fún un, ó mu ún tán. Èmi ló wá yíjú sí, kì í ṣe ìyá rẹ̀, ó ní:

"Ẹ ṣé, Ìyá."