Aṣojú Tí O Pè Padà

Ọkọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ọmọ rẹ tí à ń pè ní Ìyá Ìbéèrè, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, òun náà ńkọ́? Bí ẹ bá ti jí ire, ire náà ni kí ẹ máa jí. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ̀rọ gé ọ lọ́wọ́ nílé ìtẹ̀wé yẹn. Èmi ìyá rẹ àgbà ṣì wà láàyè. Ẹsẹ̀ ń ro mí, etí mi kò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n nǹkan kan kò ṣe ẹnu mi, òun ni mo fi ń sọ èyí fún ìyàwó àbúrò rẹ kó máa kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó kọ ọ́ bí mo ṣe wí i, kó má fi ṣúgà sí i.

Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ, méjì ni. Òrùlé ilé ìdáná ń jò. Àbúrò rẹ gùn ún pé òun fẹ́ tún un ṣe, ó já bọ́, ó fi orúnkún gbalẹ̀, òrùlé ṣì ń jò.

Ohun tó mú mi ránṣẹ́ gan-an nìyí. Obìnrin kan wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba, ó ní ìlanilọ́yẹ̀ lòun wá ṣe nítorí ìbò. Wọ́n kó wa jọ sí kíláàsì, wọ́n fi mí jókòó sórí àga ọmọdé, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi. Obìnrin náà ní ẹgbẹ́ òṣèlú ni àwọn èèyàn tí èrò wọn ṣọ̀kan lórí bí wọ́n ṣe máa tún ìlú ṣe, tí wọ́n wá ń tọrọ ìbò. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ohun tí èmi mọ̀ sí ẹgbẹ́ òṣèlú ni ohun tí kì í jẹ́ kí ọmọ ìyá méjì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Mo sọ fún un pé ìwọ lo tẹ àwòrán olóṣèlú tí àbúrò rẹ ń tẹ̀ lé, tí ẹ fi etí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sí i lórí, pé wọ́n gbé e dé ibí, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ṣọ́ọ̀bù tí àbúrò rẹ ti ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà, ó wá rí orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ nísàlẹ̀. Ó pè ọ́, o ní ó ti fi ọpọlọ rẹ̀ pààrọ̀ fìlà ẹgbẹ́. Òun náà ní ìwọ kò ju bébà lọ, ohun tó bá wu olówó ló ń tẹ̀ sí ọ lára. Láti ìgbà náà o ò gbé fóònù rẹ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní kí n yọ ti bébà yẹn kúrò. Mo ní kó kọ ọ́.

Obìnrin náà ní ìpolongo ẹ̀tàn ni wọ́n ń pe irú àwòrán bẹ́ẹ̀, pé kéèyàn mú ibi tó wù ú nínú ọ̀rọ̀, kó fi ìyókù pamọ́, kó máa tún un sọ títí aráyé á fi gbà á gbọ́. Mo ní ṣé gbogbo iṣẹ́ ọ̀hún nìyẹn? Mo ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí i. Ta ló sọ fún yín pé ẹja ńlá kan wà nínú kànga tó ń gbé ọmọdé mì? Ẹ̀yin méjèèjì dàgbà, ẹnì kankan nínú yín kò jìn sí kànga.

Ó tún ní alátakò kì í ṣe ọ̀tá, pé bí àwọn ọ̀gá yín bá bú ara wọn tán nílé ìgbìmọ̀, wọ́n jọ ń mu tíì ni. Mo ní kó tún un wí. Àwọn ń mu tíì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ mu ọmú kan náà lẹ wá ń bá wọn gbé ìjà kiri!

Ó wá ní mínísítà kan wà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Inú mi dùn. Mo dìde, mo ní kó bá mi fi ọ̀rọ̀ rẹ tó mínísítà náà létí, nítorí òkèèrè lo wà, ọkọ̀ méjì lèèyàn ń wọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ó ní àwọn àjèjì ni mínísítà yẹn ń bá da nǹkan pọ̀. Mo ní ẹni tí kì í gbé fóònù ọmọ ìyá rẹ̀, kí ló kù kó tó di àjèjì? Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé fún mi pé ìlú kan máa ń rán aṣojú lọ sọ́dọ̀ ìlú kejì, pé bí ìjà bá dé, wọ́n á pe aṣojú wọn padà sílé.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí, nítorí o ti pe aṣojú rẹ padà. Kò sí ọdún tí Ìyá Ìbéèrè kì í wá lo ọlidé lọ́dọ̀ wa, tí á máa tẹ̀ lé àbúrò rẹ káàkiri ṣọ́ọ̀bù, tí á máa bi í ìdí tí ìṣó fi ní orí tí kò ní ojú. Ọlidé ti bẹ̀rẹ̀, a ò rí i. Àbúrò rẹ ti kan àga kékeré kan dè é, ó fá a títí ó fi ń dán. Yàrá mi ló gbé e sí, ó ní kí ẹnikẹ́ni má jókòó lé e. Eruku ló jókòó lé e báyìí.

Nítorí náà mo ti dá ẹgbẹ́ tèmi sílẹ̀. Èmi àti ìyàwó àbúrò rẹ ni ọmọ ẹgbẹ́, àga yẹn ni àmì wa. A sì ti bẹ̀rẹ̀ ìpolongo. Lánàá mo sọ fún àbúrò rẹ pé o ránṣẹ́ sí mi, pé o ní kí n bi í bí orúnkún rẹ̀ ṣe ń ṣe. Ó dúró, òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ṣé ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́? Mo ní etí mi yìí ni mo fi gbọ́. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n sọ fún ọ pé ó ti ń san, pé láàárọ̀ nìkan ló máa ń dun òun.

Bí owó bá wà, fi díẹ̀ ránṣẹ́ nítorí òrùlé àti bátìrì rédíò mi. Bí kò bá sí, fi aṣojú ránṣẹ́, òun ni mo fẹ́ jù. Ilé kò ní tú mọ́ ọ lórí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bà ọ́ lórúkọ jẹ́. Àwọn ọmọ tí o bí kò ní rí ara wọn lọ́nà kí wọ́n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àbúrò rẹ ní òun á pè ọ́ lọ́jọ́ Àìkú. Gbé e. Bó bá sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ nítorí orúnkún, má ba ìpolongo wa jẹ́.

Èmi ni, ìyá rẹ àgbà, alága ẹgbẹ́, nítorí yàrá mi ni àga wà.