Èso Tó Bọ́ Sílẹ̀ Nínú Oko Bàbá

Ilé Kejìlá, Màámóbì,
Accra.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, Oṣù Karùn-ún, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi Mísbáù,

Ṣé ara le? Aǹtí Rasheedah àti àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún yín ti ń gbà kí ẹ kírun láìjókòó? Àlàáfíà la wà níbí. Ọ̀rọ̀ oko máńgòrò Bàbá ní Dodowa ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí ẹ̀yin ni àgbà, mo sì ti ṣe ohun kan kí n tó béèrè.

Oníbàárà wa ní bí òun bá tún rí ìdin nínú máńgòrò wa lọ́dún yìí, òun ò ní rà á mọ́. Mo bá so ike mẹ́jọ mọ́ àwọn igi, mo fi òwú tí a rẹ sínú oògùn olóòórùn sínú wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, òkú eṣinṣin kún wọn fọ́fọ́. Inú mi dùn, àmọ́ ìdin ò dín. Yusif, òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn tó ń bẹ̀ wá wò, fi mí rẹ́rìn-ín: "Hàjíà, akọ nìkan ni òórùn yìí ń fà. Àwọn abo ṣì ń yé sínú èso. Èyí tó bọ́ sílẹ̀ yìí, ìdin inú rẹ̀ ló ń wọlẹ̀, tó ń di eṣinṣin mìíràn. Ẹ kó o, kí ẹ gbẹ́ kòtò jíjìn, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀."

Ẹ ò gbàgbé pé kí Bàbá tó kú, ó ní èyí tó bá ti bọ́ sílẹ̀ kì í ṣe tiwa mọ́, sàráà ni fún ẹni tó bá ń kọjá. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi: ṣé èso yẹn gan-an ni sàráà, àbí ọwọ́ tí a ká kúrò lórí rẹ̀? Bó bá ti jẹrà ńkọ́? Ní ọjọ́ kẹrin, mo gbé ọkọ́ lọ sóko.

Ibi tí mo ti ń gbẹ́ kòtò ni Maame Afua, ìyá àgbà tó máa ń ṣa èso wa tó bọ́ sílẹ̀, tó sì máa ń ṣàdúrà fún wa lórí rẹ̀, ti bá mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Lubabah, ṣé o rò pé mò ń jẹ ìdin ni? Ewúrẹ́ mi ni mò ń kó o fún láti ọdún mẹ́ta. Ojú bàbá yín ni mò ń wò tí n kò fi kọ̀ ọ́."

Ó bá mi di ẹ̀gbẹ́ kejì àpò tí mo kó èso sí mú, a da èso náà sínú kòtò. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wo igi.

"Ẹ̀yin Alata, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ṣé sàráà yín kì í gun igi ni?"

Mo já mẹ́fà tó dára fún un. Ẹ̀gbọ́n mi, n kò mọ̀ bóyá Bàbá ì bá gbà. Ohun tó ń ká mi lára ni pé ọdún mẹ́ta la fi ń ṣe àmín sí àdúrà ìyá yìí lórí oúnjẹ ewúrẹ́. Ẹ sọ èrò yín fún mi, bó tilẹ̀ jẹ́ ìbáwí.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni àbúrò yín tí ìbéèrè rẹ̀ kì í tán,
Lubabah.