Ọjá Ikùn Ruqoyah

Bàbá Sírájúdéènì, ẹ kú ilé o. Èmi ìyàwó yín ni, láti Sango. Ara mi le. Susanna, ará ilé wa níbí, ló ń bá mi kọ ọ́. Ó ní kí n rọra sọ ọ́. Mo ní kí ó kọ ohun tí ó gbọ́.

Ọjá tí nọ́ọ̀sì dè mọ́ ikùn Ruqoyah, ọmọ ọmọ wa, dára. Ó ń gbọ́ bí ọkàn ọmọ inú ṣe ń lù. Bí ewu bá dé, á tan iná pupa, á máa ké; bí kò bá gbọ́ ọkàn náà mọ́, á dákẹ́. Ó ké ní Jímọ̀. Hafeez ọkọ rẹ̀ wá mọ́tò títí, tírélà sì ti dí ọ̀nà Ilo-Awela pa. Nígbà tí a dé ọsibítù, wọ́n ní kò sí dókítà, kí a lọ sí ibòmíràn. Ọjá náà ṣì ń ké lẹ́nu ọ̀nà wọn. Kí a tó dé ibi kejì, ó ti dákẹ́.

Nọ́ọ̀sì wá gbà á lánàá fún aboyún mìíràn. Ó ní, "Ìyá, ṣé ó ṣiṣẹ́?" Mo ní, "Òun nìkan ló ṣiṣẹ́."

Ruqoyah ti ń mu ẹ̀kọ. Òrí tí mo gbé wá fún ìwẹ̀ ọmọ, ẹsẹ̀ mi ni mo ń fi pa, nítorí ọyẹ́. Ẹ tú àgbò ìkómọ yẹn sílẹ̀, kí ó máa jẹko. Ẹ ní kí ìyá Ruqoyah má wulẹ̀ wá mọ́, iṣẹ́ ibí kò tó ẹni méjì ṣe. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.