Ìbejì Tí Ìyá Jésùlọlá Rí

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Òpópónà Olúṣẹ̀yẹ,
                                        Challenge, Ìbàdàn.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Tẹjúmọ́lá, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Olúwapamílẹ́rìn ọmọ wa ńkọ́, ṣé ó ti yé húkọ́? Ẹ kú iṣẹ́ ọsibítù o, ẹ sì kú àárẹ̀ ọ̀nà Ìṣẹ́yìn yẹn. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Níyìolúwa ọkọ mi ò mọ̀ pé mò ń kọ̀wé sí ọ, ìdí nìyẹn tí kò fi kí ọ. Ara mi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Mo mọ̀ pé o máa ní kí ló dé tí mò ń kọ lẹ́tà bí ará àtijọ́ nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Tí mo bá pè ọ́, wàá ti dá mi lóhùn kí o tó ronú, mi ò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀ lónìí. Àjàgbé awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Ìṣẹ́yìn ni mo fi rán. Mo ní ọwọ́ rẹ ni kó fi lé, kó má fún ẹlòmíràn. Jọ̀wọ́, jókòó kà á tán.

O mọ ohun tí ojú mi ti rí lórí ọ̀rọ̀ ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni oyún ti bọ́ lára mi, lẹ́yìn tí ikùn bá ti yọ, tí àwọn èèyàn bá ti ń kí mi kú ewu. Mo wá búra pé ti ọ̀tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ àfi ọkọ mi, àwọn tó ń tọ́jú mi, àti ìwọ. Ìyá ọkọ mi pàápàá ò gbọ́. Ìwọ lo júwe ilé ìwòsàn Bódìjà tí o ti ṣiṣẹ́ rí fún mi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ wo inú ní ìbejì ni. Dókítà wá ṣàlàyé pé ẹnu ilé ọmọ mi ni kì í lè dúró ní pípadé, òun ló ń jẹ́ kí oyún máa bọ́, àti pé wọ́n máa fi òwú rán an. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní èmi télọ̀ náà ti kó sọ́wọ́ télọ̀. Kí ọkọ̀ tó dé Mọ́kọ́lá ni mo ti pè ọ́, tí mo ro gbogbo rẹ̀ fún ọ, ìbejì àti òwú, tí ìwọ náà sì ń pariwo ayọ̀ sí mi létí. Ọkọ mi wà níbi iṣẹ́ ní Àbújá nígbà náà. Mo ní ojúkojú ni màá ti sọ ti ìbejì fún un.

Àná, nínú ìsìn Ọjọ́ Àìkú ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ẹlẹ́yẹlé, Ìyá Jésùlọlá aríran wọ inú ẹ̀mí. Ìyá Jésùlọlá tí o gbé lọ́dọ̀ wọn nígbà tí o ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń wí, tí ẹ ṣì jọ máa ń sọ̀rọ̀. Wọ́n gbọ̀n jìgìjìgì, wọ́n bá nawọ́ sí mi láàárín èrò. Wọ́n ní Ẹ̀mí fi ìbejì hàn wọ́n nínú mi. Wọ́n ní àwọn rí abẹ́rẹ́ àti òwú lọ́wọ́ ẹni tó wọ aṣọ funfun, pé òwú náà ni ọ̀tá fẹ́ fi so àwọn ọmọ náà lọ́rùn. Wọ́n ní kí abẹ́rẹ́ kankan má kàn mí, kí n wá jókòó sílé àdúrà títí màá fi bí. Gbogbo ìjọ ké Halelúyà. Mo gbé! Ìyá ọkọ mi yí padà wò mí, ẹnu wọn ò padé. Kí a tó délé, wọ́n ti ní kò sẹ́ni tó máa rán ìyàwó ọmọ àwọn bí ẹni ń rán àpò gàrí.

Ọjọ́bọ̀ yìí sì ni dókítà fẹ́ ṣe é. Ó ní tí a bá fi falẹ̀, ohun tó ṣe àwọn ti tẹ́lẹ̀ lè ṣe èyí náà. Ọkọ mi tó ti gbà, ó ti ń yẹ̀ báyìí. Ó ní, “Àpínkẹ́, èmi ò sọ ọ̀rọ̀ òwú fún ẹnikẹ́ni. Ìwọ náà o ní o ò sọ. Tí kì í bá ṣe Ọlọ́run, ta ló sọ fún wọn?” Ìbéèrè yẹn ni mo gbé sùn, òun náà ni mo gbé jí.

Nọ́ọ̀sì Latifah ni mo kọ́kọ́ fura sí. Òun ló máa ń dúró ti dókítà tó bá ń yẹ̀ mí wò. Mùsùlùmí ni lóòótọ́, àmọ́ mo rántí pé ó bi mí léèrè ìjọ tí mò ń lọ nígbà kan, mo sì rántí pé ẹ̀rín rẹ̀ pọ̀ jù. Láàárọ̀ yìí mo gba Bódìjà lọ. Mi ò kí ẹnikẹ́ni, igbe ni mo fi ta. Mo ní kí wọ́n fi ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ inú mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì hàn mí. Àwọn aláboyún ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Dókítà mú mi wọlé. Ó ní ọ̀rọ̀ aláìsàn kò gbọdọ̀ ti ẹnu òṣìṣẹ́ ìwòsàn jáde àfi tí aláìsàn bá yọ̀ǹda, pé òfin wà lórí ẹ̀. Ó ní tó bá jẹ́ ẹnìkan níbẹ̀ ló sọ ọ́, òun fúnra òun ló máa fà á lé àwọn tó fún un níwèé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́. Ó tún ní èmi ni mo ni àṣẹ láti gbà tàbí láti kọ̀ ti Ọjọ́bọ̀. Kì í ṣe ìyá ọkọ mi, kì í ṣe aríran, kì í tilẹ̀ ṣe òun dókítà.

Latifah ò bínú. Ó kàn ní kí gan-an ni aríran wí. Mo ní ìbejì. Ó wo dókítà, dókítà náà wò ó. Ó ní, “Àǹtí, ìbejì kẹ̀? Ṣebí èmi ni mo di yín lọ́wọ́ mú lọ́jọ́ tí ẹ sunkún.”

Tẹjú, kì í ṣe ìbejì. Nígbà tí mo padà lọ lẹ́ẹ̀kejì, dókítà fúnra rẹ̀ wo inú mi, ó ní ẹ̀jẹ̀ tó dì síbẹ̀ ni ọkùnrin ìjọ́sí pè ní ọmọ kejì. Ọmọ kan ṣoṣo ni. Mo sunkún níwájú Latifah, nítorí mo ti ń pe Táyé àti Kẹ́hìndé nínú ọkàn mi. Nígbà tí Ìyá Jésùlọlá wá ké ìbejì lánàá, ṣé o mọ ohun tí mo rò? Mo rò pé bóyá èkejì ti padà wá. Ọmọ wù mí débi pé mo gọ̀. Dókítà tún wò mí láàárọ̀ yìí kí n tó kúrò. Ọmọ kan náà ni, ọkàn rẹ̀ sì ń lù dáadáa.

Nínú ọkọ̀ tó gbé mi padà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará ilé ìwòsàn mọ̀ pé ọmọ kan ni. Ọkọ mi ò gbọ́ ìbejì lẹ́nu mi rí, ọ̀rọ̀ ti di ti ọmọ kan kó tó ti Àbújá dé. Ta ló wá kù tó ṣì gbà pé ìbejì ni? A ti dé Dùgbẹ̀ kí orúkọ kan tó sọ sí mi lọ́kàn, mo sì lé e dànù. Ó tún padà wá. Ìwọ ni, Tẹjú. Ìwọ nìkan ni mi ò tíì sọ fún pé ọmọ kan ni. Nígbà tí mo ní mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mi ò kà ọ́ mọ́ ẹlòmíràn. Mò ń dúró kí o wá kí mi, ká jọ sunkún ẹ̀.

Mi ò sọ pé o fẹ́ ibi fún mi. Mo mọ̀ ọ́. Bóyá ṣe lo ní kí wọ́n bá mi gbàdúrà, ni o bá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni ọ́! Èmi ni mo rán aṣọ funfun tí o wọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ jẹ́ ẹ̀jẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo jókòó níbẹ̀, mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Ṣé ẹni tó bá sùn síwájú rẹ lórí bẹ́ẹ̀dì nìkan ni ẹ̀jẹ́ yẹn wà fún ni? Èmi télọ̀ lásánlàsàn, tí mo bá fi téèpù wọn obìnrin tó lóyún, mo máa ń mọ̀ kí ọkọ rẹ̀ tó mọ̀. Ta ni mo sọ fún rí? Ó dùn mí, Tẹjú. Ó dùn mí gan-an.

Mo sọ fún ọkọ mi nígbà tí mo délé pé dókítà tún wò mí, ọmọ kan náà ṣì ni. Ó ní ẹ̀rọ ò lè rí ohun tí ẹ̀mí rí. Ọ̀rọ̀ tìrẹ nìkan ló lè wọ̀ ọ́ létí. Mo bẹ̀ ọ́, pè é kó tó di Ọjọ́bọ̀, sọ fún un pé ẹnu rẹ ni Ìyá Jésùlọlá ti gbọ́ ọ. Tí kì í bá ṣe ìwọ, pe èmi, kí o sọ ẹni tí mo gbàgbé láti kà fún mi. Mo ti fọwọ́ sí i lọ́dọ̀ dókítà. Yálà o pè tàbí o ò pè, màá lọ. Ohun tí mi ò tíì mọ̀ ni bóyá ọkọ mi máa jókòó síta dè mí, tàbí èmi nìkan ni màá dá lọ.

Bá mi kí ọkọ rẹ, bá mi gbá Pamílẹ́rìn mọ́ra. Tí ẹ bá tún sọ̀rọ̀, bá mi kí Ìyá Jésùlọlá náà. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, má sọ fún wọn pé ọmọ kan ni. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá Ẹ̀mí á sọ fún wọn.

Èmi ni, ẹni tó ṣì fẹ́ máa pè ọ́ lọ́rẹ̀ẹ́,

Àpínkẹ́ Ògúnlẹ́yẹ