Mò Ń Lọ sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Tí Wọ́n Ti Lé Mi Kúrò

Wọ́n ti yọ orúkọ mi kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó ti lé ní ọdún kan báyìí... àmọ́ títí di oṣù tó kọjá, mo ṣì ń lọ. Mo máa ń kó ìwé mi sábẹ́ abíyá láràárọ̀, màá wọ ọkọ̀, màá lọ, màá tún bọ̀ nírọ̀lẹ́, gbogbo ilé á sì máa kí mi pé mo kú iṣẹ́ ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rò ó tán. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Olóòtú, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fi orúkọ mi síbẹ̀ o.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, obìnrin ni mí, mo sì ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Apá Etíkàn ni abúlé wa wà, orí òpó la kọ́ ilé wa sí lójú omi, ọkọ̀ la fi ń lọ bu iyọ̀ nílé aládùúgbò. Mùsùlùmí ni wá, a ò pọ̀, ilé bíi mẹ́wàá péré ni. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ní abúlé mìíràn ni iléèwé wà, ọmọ tó bá fẹ́ lọ á tukọ̀ títí apá á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já, púpọ̀ nínú wọn kì í ju ọdún méjì lọ tí wọ́n á fi sọ ọ́ nù. Èmi nìkan ni mo fara dà á dé òpin. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi péjọ sílé bàbá mi, wọ́n ní kí n lọ kọ́ iṣẹ́ tíṣà l'Ékòó kí n gba sátífíkéètì bọ̀, àwọn á kọ́ iléèwé tiwa dè mí, torí wọ́n ti sọ fún wọn pé ìjọba ò ní fọwọ́ sí iléèwé tí kò ní tíṣà gidi. Inú mi dùn nígbà náà o, mi ò ní purọ́, mò ń ṣe fáàrí kiri bí ẹni tó ti gba sátífíkéètì ọ̀hún tán.

Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin ni mo dé sí ní Mákòókò, Ìyá Ráfíù là ń pè wọ́n, ẹja ni wọ́n ń yan tà. Ilé tiwọn náà, orí omi ni. Mo ní áà, mi ò tilẹ̀ kúrò nílé! Ṣùgbọ́n kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Kò sí ibùsùn fún akẹ́kọ̀ọ́ kankan, ilé ni kálukú ti ń wá, àwọn kan wọ rélùwéè láti Agége, àwọn kan gun kẹ̀kẹ́, àwọn kan fẹsẹ̀ rìn, a pọ̀ lọ bí eéṣú. Kíláàsì ọdún àkọ́kọ́ nìkan, láti A títí dé F. Ẹni tí kò bá tètè dé, ìdúró ló máa dúró sẹ́bàá fèrèsé kọ̀wé. Tó bá sì ti di agogo mẹ́rin, pòò, kálukú ti sá lọ bá ọkọ̀ rẹ̀, o lè jókòó ti ẹnìkan fún oṣù mẹ́ta kí o má mọ orúkọ bàbá rẹ̀.

Ṣé kò wá dáa rárá ni? Ó dáa! Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ilé ìkàwé kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ìwé ló kún un láti ilẹ̀ dé àjà, kò sẹ́ni tó ń lé ẹnikẹ́ni. Òyìnbó kan wà tó ń kọ́ wa ní jọ́gíráfì, ó ya etí òkun sójú pátákó lọ́jọ́ kan, ó ya gbogbo odò kéékèèké tó wọnú ara wọn, mo wò ó títí, mo rí i pé ilé wa ló ń yà yẹn, díẹ̀ ló kù kí n pariwo. Mo sì ní ọ̀rẹ́ kan, Rẹ̀mí, ọmọ Agége, abẹ́ igi fúrúùtù la ti jọ ń jẹun ọ̀sán, púpurú tí mo bá gbé wá, òun ló máa jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, alájẹkì! Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Ṣùgbọ́n èéfín ẹja máa ń wọ aṣọ, kò sí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́ kúrò. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni ọmọbìnrin kan dimú lẹ́yìn mi, ló bá ní ta ló gbé ọjà Mákòókò wọ kíláàsì, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín... ẹ gbọ́ o, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, àfi bíi pé kì í ṣe èmi. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá bi mí níbi tí mò ń gbé, Yábàá ni mo máa ń sọ. Rẹ̀mí pàápàá, Yábàá ni mo sọ fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyí. Ní Mákòókò, tí omi bá ti fà, ẹrọ̀fọ̀ nìkan ló kù lábẹ́ ilé, ọkọ̀ ò lè lọ, ẹsẹ̀ ò ṣeé kì bọ̀ ọ́. O ní láti dúró kí omi kún padà. Omi kì í sì kún lásìkò kan náà lójoojúmọ́, tó bá kún lágogo mẹ́fà lónìí, ó máa tó agogo méje lọ́la, á máa sún bẹ́ẹ̀. Nílé wa, kò sẹ́ni tó ka èyí sí nǹkan kan. Ìrun Jímọ̀ ń dúró de omi, ìgbéyàwó ń dúró de omi, ẹni tó bá pẹ́ dé, wọn kì í bi í ní ìbéèrè, wọ́n á ní kú ewu omi ni. Mo ṣe bí gbogbo ayé ṣe rí nìyẹn. Tí Ìyá Ráfíù bá ti kírun Àsùbáà tán, èmi náà á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, màá máa wo omi, ọkàn mi á balẹ̀ pẹ̀sẹ̀! Ṣé mi ò lè tètè wọ ọkọ̀ kí omi tó fà kí n lọ jókòó sórí ilẹ̀ gbígbẹ títí ilẹ̀ á fi mọ́? Mo lè ṣe é. Kò wá sí mi lọ́kàn ni. Ọmọ ọlọ́mi kì í bá omi du àsìkò, bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn.

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, agogo mẹ́jọ ni wọ́n ń pe orúkọ. Tí o bá ti pẹ́, wọ́n á fi yíǹkì pupa sàmì sí ọ. Àmì tèmi pọ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ojú ìwé. Wọ́n pè mí, wọ́n ní kí ló dé, mo ní ara mi ò yá. Wọ́n tún pè mí, mo ní ibà ni, wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa. Ṣé ẹ rí i? Kí n sáà ti la ẹnu mi, kí n ní orí omi ni mò ń gbé, kò jáde lẹ́nu mi. Ojú ń tì mí. Wọ́n kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ fún mi, mo fi pa mọ́ sábẹ́ ẹní. Nígbà tó yá wọ́n fi ìlà kan gba orí orúkọ mi kọjá, ó parí.

Mo sọ fún Rẹ̀mí pé wọ́n gbé mi lọ sí kíláàsì F. Ó gbà á gbọ́, ta ló mọ ẹni tó wà ní kíláàsì F? Àwa tí a pọ̀ tó yẹn! Bí mo ṣe ń lọ nìyẹn fún odidi ọdún kan ó lé. Ilé ìkàwé ni mò ń jókòó sí. Tí jọ́gíráfì bá bẹ̀rẹ̀, màá lọ dúró sí ìta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, màá máa kọ ohun tí òyìnbó yẹn bá sọ. Mo ṣì ní ìwé náà lọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ ló pé. Ẹ sọ fún mi, kí ni mò ń kọ ọ́ fún? Wèrè ni àbí kí ni?

Èyí tó pa mí jù rèé. Lóṣù tó kọjá ni Rẹ̀mí gba sátífíkéètì rẹ̀. A jókòó, à ń ṣe yẹ̀yẹ́ ọdún àkọ́kọ́, ló bá sọ pé àwọn tó ń wọ rélùwéè bíi tòun náà máa ń pẹ́, àmì pupa tiwọn pọ̀ ju ti gbogbo èèyàn lọ, ṣùgbọ́n wọ́n jọ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n ní ọkọ̀ ló ń dá àwọn dúró, òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì kà á, ó ní kí wọ́n pa gbogbo àmì náà rẹ́, kí wọ́n máa wọlé nígbà tí ọkọ̀ bá dé. Bẹ́ẹ̀ ni o. Ìwé kan ṣoṣo! Mo ní o kú oríire. Mo dìde, mo lọ sẹ́yìn ilé ìkàwé, mo sunkún títí mo fi bì. N ò padà síbẹ̀ mọ́. Mo ti lọ bá akọ̀wé wọn ṣáájú ìgbà yẹn, ó ní ẹni tí wọ́n bá ti yọ fún irọ́ àti pípẹ́ dé, wọn kì í gbà á padà, kò tilẹ̀ gbójú sókè wò mí.

Ìyá Ráfíù rí i pé mi ò lọ mọ́, wọ́n ti ránṣẹ́ sílé pé mo ti ṣe tán. Bàbá mi bẹ akọ̀wé kan ní Igbókòdá, wọ́n kọ lẹ́tà sí mi. Wọ́n ní wọ́n ti bo iléèwé náà tán, wọ́n ti to bẹ́ǹṣì, wọ́n ti kó gbogbo ọmọ Mùsùlùmí kúrò lọ́dọ̀ àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì láti sáà tó kọjá, ọmọ méjìdínlógún, wọ́n jókòó sílé, èmi ni wọ́n ń dúró dè. Tí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ kan, kí n wọ ọkọ̀ máa bọ̀. Yorùbá ní ikú yá ju ẹ̀sín. Èmi ò fẹ́ kú o, ẹ má bẹ̀rù, ṣùgbọ́n ẹ̀sín yìí, ibo ni mo fẹ́ gbé e gbà? Kí n lọ máa kọ́ wọn láìní sátífíkéètì, títí ọjọ́ tí aṣojú ìjọba á fi dé tó máa béèrè rẹ̀ lójú bàbá mi? Kí n jẹ́wọ́, kí àwọn ọmọ méjìdínlógún padà sídìí àwọ̀n? Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì náà ṣé wọ́n á gbà wọ́n padà? Àbí kí n dúró l'Ékòó kí n máa yan ẹja, kí wọ́n rò pé mo ti sọnù?

Ohun kan wà tí mi ò tíì sọ, ní ìparí lẹ́tà bàbá mi ló wà. Wọ́n ní gbogbo ìgbà tí àwọn bá gbé ẹja lọ sí Igbókòdá ni àwọn máa ń ra ìwé ìròyìn kan bọ̀, ìwé ìròyìn yín yìí gan-an, kò sẹ́ni tó lè kà á nílé, àwọn ń tò ó sínú apẹ̀rẹ̀ lókè àdògán kí ọ̀rinrin má baà mú un. Wọ́n ní tí mo bá dé, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, gbogbo abúlé á jókòó, èmi á sì máa kà á fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí mò ń kọ yìí náà á wà nínú apẹ̀rẹ̀ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ dá mi lóhùn kí Iléyá tó dé: tí mo bá kan ojú ìwé yìí, tí bàbá mi jókòó síwájú mi, ṣé kí n kà á síta ni, àbí kí n ṣí i kọjá?